Èéfín Tí Kì í Yí Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa,

Àwọn kan ní ibi tí ọrọ̀ ajé bá ti ń gbèrú, dandan ni kí èéfín pọ̀ sí i. Àwa mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ láìsí agbára. Ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n ń dáná sun níbi kànga epo ní Niger Delta, ẹ̀rọ wo ló ń yí? Òfin ọdún 1979 ní kí ó dópin ní oṣù kìíní ọdún 1984. Títí di òní, iná ọ̀hún ń jó.

Gáàsì ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Egbin nítòsí Ìkòròdú ń lò. Bí gáàsì kò bá tó, iná á lọ, ọ̀gá á tan jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì. Èéfín kábọ́ọ̀nù á wá di méjì: ọ̀kan níbi kànga epo, ọ̀kan ní ilé iṣẹ́ wa. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá wọ́n, òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá padà sílé.

A kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n fi páìpù gbé gáàsì náà wá fún ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ èrò. Èéfín á dín, iṣẹ́ á pọ̀. Kí wọ́n sì pe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ síbi tí wọ́n bá ti ń ṣètò rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.