Ìwọ Lo Ni Ọkọ̀, Ìwọ Kọ́ Lo Ni Etí Aládùúgbò

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Òwe yìí ni mo kọ́kọ́ fi gba ẹjọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ sàlẹ́ńsà píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rò. Ní ilẹ̀ náà, níbi tí Ford F-Series ti jẹ́ píkọ́ọ̀pù tó tà jù lọ láti ọdún 1977, ọkọ̀ yìí ju ohun tí a fi ń kó ẹrù lọ. Òun ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko, òun ni wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ojú omi lọ sódò, òun kan náà ni wọ́n ń wà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó fi owó òógùn rẹ̀ rà á, tó sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa kùn nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ò sí lára àwọn tó gbà pé gbogbo ohùn ẹ́ńjìnnì ni ariwo.

Ṣùgbọ́n ìlù tó bá dún ládùnjù, yíya ní í ya. Ohun tí mo fẹ́ kó yé àwọn ọmọ wa tó ń wa píkọ́ọ̀pù ní Houston, ní Dallas àti ní Atlanta ni pé nǹkan méjì tí kò jọra ló wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ọ̀kan ló ń pinnu bí ọkọ̀ yóò ṣe máa dún; èkejì ló ń pinnu ohun tí ọmọ ọlọ́mọ yóò fà símú. Ti àkọ́kọ́, a lè jọ jókòó sọ ọ́. Ti èkejì kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ra ọkọ̀ rárá, iye yòówù kó fi rà á.

Ẹ jẹ́ ká tọ páìpù náà láti orí dé ìdí. Èéfín tó bá jáde nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù máa ń kọ́kọ́ gba inú kátálíìsì kọjá. Inú rẹ̀ ni platinum, palladium àti rhodium wà, àwọn ló ń gba oró lára carbon monoxide, èyí tí í pani láìní òórùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sàlẹ́ńsà, tó ní yàrá-yàrá nínú, níbi tí ìró ti ń kọlu ìró títí yóò fi rọlẹ̀. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì òde òní tún ní asẹ́ tó ń gba èédú inú èéfín, tó sì ń jó o dànù fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá pààrọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn kátálíìsì nìkan, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò bá a jà. Ẹni tó bá yọ kátálíìsì tàbí asẹ́, tàbí tó tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ kó má baà ké pé nǹkan ti sọnù, ó ti rú òfin. Ààrẹ Nixon ló fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1970. Àtúnṣe ọdún 1990 sì mú kó de ẹni tó ni ọkọ̀ pàápàá. Mẹkáníìkì tó bá a yọ ọ́ kò bọ́, ẹni tó ta irinṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára páálí pé eré ìje nìkan ló wà fún, ìyẹn kò sọ ọkọ̀ tí à ń wà lọ sọ́jà di ọkọ̀ eré ìje.

Wọ́n á ní asẹ́ dísẹ́ẹ̀lì máa ń dí, wọ́n á ní ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé kọ eré lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí ẹrù ẹlẹ́rù wà lẹ́yìn rẹ̀, tí owó asẹ́ tuntun sì ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ọ̀ràn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rín. Síbẹ̀, ohun tó dí asẹ́ yẹn ni ì bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Ní ọdún 2012 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Nígbà tó sì di ọdún 2020, EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ṣírò pé píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lára wọn láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lé ní 550,000. Iye yẹn bà mí lẹ́rù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló rò pé ọkọ̀ tòun nìkan kò lè ba ayé jẹ́.

Àwọn mìíràn á bi wá pé ṣé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gan-an mọ́? Ìbéèrè náà tọ́. Cummins, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì fún píkọ́ọ̀pù Ram, gbà láti san owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là lórí ẹ̀sùn irú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi. Bí a bá lè mú àgbà olówó, kí ni ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ń gbójú lé?

Ti ariwo, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Òfin Texas kò fi òǹkà kankan sí i: ó ní kí ọkọ̀ ní sàlẹ́ńsà tó ń ṣiṣẹ́, tí kì í jẹ́ kó pariwo àpọ̀jù, ó sì ka ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ èéfín gba ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà léèwọ̀. California fi 95 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ṣe òdiwọ̀n fún ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 6,000 pọ́ùn. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ńlá ju ìwọ̀n yẹn lọ, àmọ́ wọn kò bọ́ lọ́wọ́ òfin tó ní kí gbogbo ọkọ̀ ní sàlẹ́ńsà tó péye. New York sọ owó ìtanràn tirẹ̀ tó ga jù lọ di 1,000 dọ́là nínú òfin ọdún 2021. Ní tèmi, ó wù mí kí Texas ní òǹkà. Òfin tó bá gbé ara lé etí ọlọ́pàá nìkan, mo bẹ̀rù pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a.

Òfin kò sì lè dé ibi gbogbo. Kò sí ọlọ́pàá ní àdúgbò ní aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó tutù, tó sì ń sáré ju bó ti yẹ lọ kó lè móoru. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó ní páìpù tó ń bú ramúramù ló yẹ kó ti alẹ́ dojú ọkọ̀ kọ títì, kó má baà máa fi ẹ̀yìn rìn lẹ́bàá fèrèsé onífèrèsé. Kó ṣíná, kó lọ. Kó má fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ láti máa hó nígbà tó bá wọlé lọ mu kọfí. Kó rọra tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dé òpópónà ńlá. Bí páìpù náà bá ṣì jẹ́ tuntun, kó lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ilé wọn jọ fara kanra, kó bi í bóyá ó ń dà á láàmú. Bó bá jẹ́ ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, ìdáhùn yóò yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́kùnrin tó ní irú ọkọ̀ kan náà.

Àìfini-peni, àìfèèyàn-pèèyàn, ló ń mú ará oko sán bàǹtẹ́ wọ̀lú. Òun náà ló ń mú awakọ̀ dísẹ́ẹ̀lì mọ̀ọ́mọ̀ tú èéfín dúdú sí ẹlẹ́sẹ̀ lójú. New Jersey ti fòfin de ìwà náà láti ọdún 2015, Colorado láti ọdún 2017. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ní Waller, tí kò jìnnà sí Houston, ọmọ ọdún 16 kan tó wà nínú píkọ́ọ̀pù kọlu àwọn mẹ́fà tó ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé èéfín ló fẹ́ tú sí wọn kó tó gbá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dèrò ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ti lè fi èéfín ṣeré lára ọmọ ènìyàn ti dẹ́kun rírí i bí ènìyàn, ibẹ̀ sì ni jàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ràn kan tún kù tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: ìgbà tí a bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025, Texas kò béèrè àyẹ̀wò ààbò lọ́wọ́ ọkọ̀ aládàáni mọ́. Àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní àwọn àgbègbè bíi Harris, níbi tí Houston wà, ṣùgbọ́n kò kan ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ra píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ asẹ́ rẹ̀ lè wà á fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀, títí yóò fi kó lọ sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, kí gbèsè tí kò jẹ wá dé bá a. Ẹni tó yọ nǹkan náà ló yẹ kó dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kó tó gba owó olówó.