Álọ́ọ̀mù Inú Omi àti Álọ́ọ̀mù Inú Oúnjẹ

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Imini, tí àgbàrá sì ti gbé ẹrẹ̀ lọ sínú odò, omi tí àwọn obìnrin ń pọn wálé a máa pọ́n bí omi osùn. Ẹni tí ó bá ní álọ́ọ̀mù nílé a mú un, a fi ro omi náà yíká, a sì fi í sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹrẹ̀ yóò ti ṣùjọ, yóò ti rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, omi òkè yóò sì mọ́ gaara. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ omi ìjọba pàápàá, irú èyí tí ó wà ní Elẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, ọ̀nà yìí kan náà ni ó ń gbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ omi ní òṣùwọ̀n, obìnrin ilé kò ní. (Omi tí ó mọ́ lójú kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn, sísè ni kí a sè é.)

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá álọ́ọ̀mù jà nítorí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù ti kúrò ní ìdí ìkòkò omi, ó ti wọ inú ilé ìdáná. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fọ ìgbín àti ẹja àrọ̀ kí yíyọ̀ ara wọn lè lọ, àwọn ìbátan rẹ̀ sì wà nínú páálí àti agolo tí a ń rà lọ́jà. Níhìn-ín ni ó yẹ kí ènìyàn ti fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun méjì tí ó jọ ara wọn. Álọ́ọ̀mù tí a fi sínú omi, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń bá ẹrẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, tí a sì ń dà nù pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Èyí tí a bá pò mọ́ ìyẹ̀fun kò ní ìsàlẹ̀ tí yóò rọ̀ sí. Ẹni tí ó jẹ oúnjẹ náà ni ó jẹ ẹ́.

Alumíníọ̀mù ni ó wà nínú wọn, irin kan náà tí a fi ń rọ ìkòkò. Nínú àpáta àti erùpẹ̀ tí ó bo ayé, nǹkan bí 8 nínú 100 ni alumíníọ̀mù, nítorí náà kò sí iṣu tàbí ẹ̀fọ́ tí kò ní díẹ̀ nínú. Èyí tí àwọn oníléeṣẹ́ ń fi kún oúnjẹ ni ó kàn wá. Bẹ́kìn páúdà tí ń mú kéèkì wú jẹ́ àdàlù sódà àti nǹkan kíkan. Bí omi bá kàn wọ́n, afẹ́fẹ́ a jáde, a sì gbé ìyẹ̀fun sókè. Ọ̀pọ̀ nǹkan kíkan a máa kánjú, afẹ́fẹ́ wọn a sì ti lọ púpọ̀ kí kéèkì tó wọ inú ààrò. Èyí tí a ń pè ní sodium aluminium phosphate ní sùúrù. Ooru ni ó ń dúró dè. Ìdí nìyí tí àwọn oníléeṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo bẹ́kìn páúdà ni ó ní i. Ẹni tí ó bá ka ara páálí lè rí i níbẹ̀, ní orúkọ rẹ̀ tàbí ní àmì E541.

Ṣé májèlé ni? Rárá, kì í ṣe májèlé tí ń pani lójú ẹsẹ̀. Nínú alumíníọ̀mù tí ènìyàn bá jẹ, èyí tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 100, kíndìnrín a sì tì í jáde. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni kò ní ilẹ̀kùn tí yóò gbà jáde. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn dókítà rí i pé àwọn kan tí a ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè sọ̀rọ̀ geere mọ́, iyè wọn ń rá, egungun wọn sì ń kán. Alumíníọ̀mù inú omi tí ẹ̀rọ náà ń lò ni ó fà á. Ní oṣù keje ọdún 1988, ní agbègbè Camelford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ kan ṣèèṣì da 20 tọ́ọ̀nù irú álọ́ọ̀mù tí a fi ń tọ́jú omi sínú àgbá tí kò yẹ, omi náà sì ṣàn lọ sí ilé nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Ní ti pé alumíníọ̀mù ni ó ń fa àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà, ìyẹn kò tíì fi ìdí múlẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù ba ọmọnìkejì rẹ̀.

Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí FAO àti WHO yàn sọ ní ọdún 1989 pé kí ènìyàn má ṣe jẹ ju mìlígíráàmù 7 lọ lọ́sẹ̀ fún kìlógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2006 wọ́n sọ ọ́ di 1. Ní 2011 wọ́n gbé e sí 2. Bí a bá tẹ̀lé ti 2011, ọmọ tí ó wọn kìlógíráàmù 15 kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 30 lọ lọ́sẹ̀. Gíráàmù álọ́ọ̀mù kan, tí kò ju hóró ẹ̀pà ńlá kan lọ, ní tó mìlígíráàmù 57 nínú. Ààbọ̀ hóró ẹ̀pà, bí ó bá wọ inú oúnjẹ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún òṣùwọ̀n ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn ìjọba kò fi ojú kan náà wò ó. Ní 2012, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ fi E541 mọ sí irú kéèkì kan péré. Ní 2014, Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi álọ́ọ̀mù sínú ìyẹ̀fun díndín tipẹ́, yọ sodium aluminium phosphate kúrò nínú oúnjẹ, ó sì dín àyè álọ́ọ̀mù kù. Amẹ́ríkà gbà á láàyè. Ní Nàìjíríà, òṣùwọ̀n omi mímu ti ọdún 2007 kò gba ju mìlígíráàmù 0.2 lọ nínú lítà kan, NAFDAC tí a dá sílẹ̀ ní 1993 sì ń bójú tó oúnjẹ inú páálí. Ṣùgbọ́n òfin tí ń bá páálí wí kò dé ọ̀dọ̀ álọ́ọ̀mù tí a fi ọ̀rá dì, tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìwọ̀n, tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ lórí àtẹ.

Àwọn ìyá a máa wí pé, “Ìyá wa lò ó, kò ṣe é ní nǹkan.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò omi ni ìyá wọn fi í sí, ó sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀; kò jẹ kéèkì inú páálí lé e. Fún ìgbín, eérú wà, iyọ̀ wà, ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà, pàápàá ní àdúgbò Fìdítì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọsàn. Ẹni tí yóò bá lo álọ́ọ̀mù síbẹ̀, kí ó fi omi ṣan ìgbín náà léraléra.

Ní ti omi, gíráàmù kan tàbí méjì sábà máa ń tó fún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Ọ̀pọ̀ ilé ń lo ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé wọn kò rí gíráàmù kan rí. Wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ọjà, lè sọ fún àwọn aláte pé kí wọ́n kọ orúkọ àti ìwọ̀n sí ara ọ̀rá. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó bá sì ní òṣùwọ̀n kékeré nínú yàrá sáyẹ́ǹsì rẹ̀ lè wọn gíráàmù kan, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbé e lọ sílé, kí ó sì kó o lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.