Mélòó Nínú Mélòó? Ìdáhùn sí Àwọn Tó Ń Fi Iye Aláìsàn Ba Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Jẹ́

Láti ìgbà àrùn Kòrónà ni ọ̀rọ̀ kan kò ti kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ èrò, ní ilé ìjọsìn, lórí rédíò àti lórí WhatsApp, tí ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù sì jọ ń tún un sọ, pé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára gan-an ni àrùn náà ń dá dùbúlẹ̀ jù, àti pé nítorí náà abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò wúlò, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Bí a bá béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, wọn a fa iye kan yọ, wọn a ní ìjọba orílẹ̀-èdè kan ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, wọn a sì ṣe bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí pé iye tí a kò sọ inú mélòó tó ti wá kò jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Ísírẹ́lì ni iye tí wọ́n fẹ́ràn jù ti wá. Orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ìlú ní abẹ́rẹ́ Kòrónà, ìjọba ibẹ̀ sì ń gbé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jáde kí gbogbo ayé lè rí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ènìyàn 515 tí àrùn náà ṣe gidigidi ló wà ní ilé ìwòsàn, 301 nínú wọn sì ti gba abẹ́rẹ́ náà pé, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó fi í pamọ́. Àwọn tó ń tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ gbé ìdá 58 yìí, wọ́n sá jáde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyókù ìṣirò náà.

Ìyókù ọ̀hún ni ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní ìpín, èyí tí a máa ń rí nígbà tí a bá fi iye gbogbo àwọn tí nǹkan lè ṣẹlẹ̀ sí pín iye àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ní tòótọ́. Nínú àwọn ará Ísírẹ́lì tó ti pé ọmọ ọdún 12 sókè nígbà náà, ènìyàn 5,634,634 ló ti gba abẹ́rẹ́ náà pé, nígbà tí 1,302,912 kò gbà á rárá. Inú ogunlọ́gọ̀ àkọ́kọ́ ni aláìsàn 301 ti jáde, inú àwùjọ kejì tó kéré sí i jìnnà ni 214 ti jáde. Bí a bá pín in, nínú 100,000 ènìyàn tó gba abẹ́rẹ́, ó lé díẹ̀ ní márùn-ún tí àrùn náà dá dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú 100,000 tí kò gbà á, ó lé ní mẹ́rìndínlógún, tí í ṣe ìlọ́po mẹ́ta. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 30 bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní ilé-ìwé tó ní 1,000 ọmọ, tí 20 sì fìdí rẹmi ní ilé-ìwé tó ní 25 péré, kò sí òbí tí yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sí èkejì nítorí pé 20 kéré sí 30. Èé ṣe tí ọgbọ́n tí òbí ń lò fún ilé-ìwé fi ń fò lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀, òun ló sì tú àṣírí àìṣòótọ́ náà pátápátá. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn, àfi bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Láàárín àwọn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, aláìsàn 11 péré ló jáde nínú 3,501,118 tó gba abẹ́rẹ́, nígbà tí 43 jáde nínú 1,116,834 tí kò gbà á, ìyẹn ni pé ewu ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ ìlọ́po méjìlá. Láàárín àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, 290 jáde nínú 2,133,516 tó gbà á, 171 sì jáde nínú 186,078 tí kò gbà á, ewu ti àwọn wọ̀nyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje. Bí a bá wá da tọmọdé tàgbà pọ̀, àǹfààní tó jẹ́ ìlọ́po méjìlá níhìn-ín àti méje lọ́hùn-ún a dà bí ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tó fà á ni pé nínú ènìyàn méje tí kò gba abẹ́rẹ́, mẹ́fà kò tíì pé àádọ́ta ọdún, àwọn ẹni tí àrùn náà kì í sábà dá dùbúlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbà tí àrùn náà máa ń gbé ṣubú ti gbà á. Ẹ̀tàn inú ìṣirò yìí kò ṣàjèjì, nítorí Edward Simpson ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1951, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Nítorí náà, ẹni tó kàwé tó sì ń gbé ìdá 58 yẹn káàkiri kò ní àwáwí kankan. Bí gbogbo ìlú bá gba abẹ́rẹ́ láìku ẹnì kan, gbogbo aláìsàn ìlú náà ni yóò jẹ́ ẹni tó gbà á, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ìyókù ẹ̀sùn wọn kò gba àkókò. Wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìròyìn jàǹbá ló wà nínú VAERS, ìwé àkọsílẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìròyìn síbẹ̀, kíkọ rẹ̀ kò sì fi hàn pé abẹ́rẹ́ ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ó wúlò fún ìkìlọ̀: àkọsílẹ̀ yìí kan náà ló ta àwọn aláṣẹ lólobó nípa àjẹsára RotaShield, tí wọ́n fi kó o kúrò lọ́jà ní ọdún 1999. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ èéyi ń fa ìṣòro ọpọlọ tí à ń pè ní autism, orí ìwé tí Andrew Wakefield kọ ní ọdún 1998 nípa ọmọ 12 ni wọ́n sì dúró lé, ìwé tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé ní ọdún 2010, nígbà tí ìwádìí lórí ọmọ 657,461 ní Denmark, tó jáde ní ọdún 2019, kò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń múnú bíni jù ni pé àwọn tó ń tan ọ̀rọ̀ yìí kálẹ̀ kọ́ ló ń san gbèsè rẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Nàìjíríà, tí Kano wà lára wọn, dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àrùn náà ti ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sì di arọ. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé oríṣi kòkòrò àrùn náà tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ta ni nínú àwọn ẹlẹ́nu ọ̀rọ̀ ló lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òbí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn?

Ọ̀nà tó yẹ kò fara sin. Kí ẹni tó bá gbọ́ iye aláìsàn béèrè inú mélòó ló ti wá, kí ó béèrè ọjọ́ orí wọn, kí ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò mọ ohun tó ń sọ, ẹni tó sì mọ ìdáhùn wọn tó fi pamọ́, òpùrọ́ ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọmọ yín san gbèsè irọ́ tí ẹlòmíràn pa; ẹ gbé wọn lọ gba àjẹsára.