Ilé Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ààtàn

Bí ènìyàn bá gbọ́ gáréèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí èrò ti ń wọkọ̀ ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n gáréèjì mìíràn wà tí a ń kọ́ mọ́ ilé, tí àwọn kan ń pè ní ilé ọkọ̀. Kí òjò àti oòrùn má baà ba ọkọ̀ jẹ́ ni onílé ṣe ná owó lé e. Ohun ìyanu ni pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ nínú wọn, a kì í bá ọkọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ wà lóde nínú oòrùn. Àwọn tí ó jókòó sábẹ́ òrùlé ni táyà tí ó ti jẹ, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, agolo ọ̀dà tí ó ti gbẹ, àti àpò sìmẹ́ǹtì tí ó ti di òkúta.

Ẹrù wọ̀nyí kò wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí a gbé àga tí ó kán dé, baálé ilé wí pé, ‘Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ná.’ ‘Ná’ yìí di oṣù, oṣù di ọdún, ọkọ̀ sì bá ara rẹ̀ lóde.

Àwọn tí ń gbèjà àṣà yìí ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní ẹni tí ó mọ ìyà kì í da nǹkan nù. Pákó tí ó ṣẹ́kù lónìí lè di àga lọ́la. Òtítọ́ ni. Àwọn baba wa pàápàá a máa fi nǹkan pamọ́. Ṣùgbọ́n irúgbìn àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ sókè ààrò, èéfín ni ó ń lé kòkòrò fún un, olóko sì mọ ọjọ́ tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìpamọ́ nìyẹn. Ohun tí a pamọ́ ni èyí tí ọwọ́ lè bà nígbà tí a bá ń fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó ní òòlù mẹ́ta, tí ó tún lọ ra ẹ̀kẹrin nítorí pé kò rí ọ̀kan, kò pa owó mọ́ rárá.

Ìpalára rẹ̀ kò sì mọ sórí owó. Nígbà tí inú ilé ọkọ̀ bá kún, táyà a bọ́ síta, òjò a rọ sínú rẹ̀, ẹ̀fọn a sì yé sí i. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, tanwíjí ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Láyé ìjọba òyìnbó, wolé-wolé a máa yẹ inú àmù wò nítorí tanwíjí yìí. Ta ni ń yẹ ẹ̀yìn ilé ọkọ̀ wò lónìí? Eku pẹ̀lú a máa tẹ́ ibùsùn sáàárín àkísà. Irú eku kan sì wà tí ń gbé ibà Lassa kiri, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Èyí tí ó burú jù ni kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù. Oru epo náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá lọ títí yóò fi kan iná.

Kí ni àtúnṣe? Kí àwọn ará ilé yan ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n wọ bàtà nítorí àkéekèé, kí wọ́n sì kó gbogbo ẹrù síta. Kí wọ́n pín in sí ọ̀nà 4: èyí tí a ń lò, èyí tí ó yẹ aládùúgbò, èyí tí àwọn tí ń ra irin àlòkù yóò rà, àti èyí tí ó yẹ kí a dà nù. Kí a kan pẹpẹ mọ́ ògiri, kí ikán má baà rí ẹrù jẹ nílẹ̀. Kí a fi ayùn àti àdá kọ́ ìṣó, kí oògùn apakòkòrò wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni epo bẹntiróòlù.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ẹrù àwọn tí ó ti lọ. Ta ni yóò da kẹ̀kẹ́ baba rẹ̀ nù? Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dà á nù. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí ìpáàrà ń jẹ lábẹ́ òkìtì àkísà kò bọlá fún baba. Kí ọmọ yọ ọ̀kan nínú àwọn ẹrù náà, kí ó nù ún, kí ó gbé e sí ibi tí ojú ti lè rí i, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè béèrè ìtàn rẹ̀. Ohun kan tí a ń tọ́jú sàn ju ogún tí a ti gbàgbé lọ.

Kékeré ni a sì ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀ lónìí ni yóò di onílé tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn sínú òjò lọ́la.