Ta ló máa wà nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí DDoS bá dé?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ sáìtì tí ẹ sì ń gbé e sórí cloud, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ààbò tí ẹ ní ẹ máa tàn "tó bá yá" kì í ṣe ààbò. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Ohun tó bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá kan ń sọ lórí TL láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: pé kí startup má dààmú nípa DDoS, pé tó bá ṣẹlẹ̀, èèyàn á kàn wọlé sí dashboard, á tẹ bọ́tìnnì kan, ó parí. Ẹ má bínú, irọ́ ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: DDoS ni kí ẹnì kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiẹ̀ jọ, kó ní kí gbogbo wọn máa kan ilẹ̀kùn sáìtì ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò wá rajà, wọn ò sì wá jalè. Wọ́n kàn fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà ni. Bí ìgbà tí èèyàn bá háyà gbogbo dánfó Ọ̀shòdì, tó wá ní kí wọ́n lọ páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń yára tó. Ní June 1, 2022, wọ́n kọlu oníbàárà Google Cloud kan. Google fúnra wọn ló ròyìn ẹ̀, wọn ò dárúkọ oníbàárà náà. Aago 9:45 àárọ̀ ni ní California nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, aago 5:45 ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, àsìkò tí ìwọ tí wọ́n ní kó o máa mójú tó sáìtì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland Bridge, tí bátìrì fóònù ẹ ku 6%.

Ìbéèrè tó lé ní 10,000 ló kọ́kọ́ ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀, ó di 100,000. Ìṣẹ́jú méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ó di mílíọ̀nù 46. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan o! Láti àdírẹ́sì IP 5,256, ní orílẹ̀-èdè 132. Ìṣẹ́jú 69 ló gbà kó tó dáwọ́ dúró.

Mẹ́jọ pẹ̀lú méjì, mẹ́wàá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ará WhatsApp group ọ́fíìsì yín ṣì ń bi ara wọn pé ta ni password wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ló wá yọ oníbàárà yẹn? Wọ́n ti tan Adaptive Protection sínú ìlànà Cloud Armor wọn tipẹ́. Ó ti mọ bí èrò ṣe máa ń wọlé sọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́. Nígbà tí ìkọlù náà ṣì kéré, ó ti rí i, ó ti ṣàpèjúwe ẹ̀, ó sì ti dábàá òfin tó lè dá a dúró. Wọ́n fi òfin náà sí i kó tó le. Sáìtì wọn ò wó.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan: èèyàn ṣì ní láti jókòó síbẹ̀ kó gba àbá yẹn wọlé. Lónìí, ẹ lè kọ òfin tó ní `evaluateAdaptiveProtectionAutoDeploy()` sínú ìlànà yín, kí àbá náà máa ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀. Nínú Terraform, títan ohun náà gan-an kò ju `adaptive_protection_config`, kí `layer_7_ddos_defense_config` wà nínú ẹ̀, kí `enable = true` wà nínú ìyẹn. Lórí AWS, orúkọ tiwọn gùn bí oríkì: `aws_shield_application_layer_automatic_response`. Ẹ fi load balancer tàbí CloudFront yín hàn án, ẹ yan `COUNT` tàbí `BLOCK`, ó tán.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo pé kóòdù ni, tí mi ò ní kí ẹ kàn lọ tẹ̀ ẹ́ nínú dashboard? Nítorí pé bọ́tìnnì kì í rántí nǹkan kan. Ní iléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọwọ́ ni wọ́n fi tan ààbò, dáadáa náà ni. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n gbé load balancer tuntun dìde ní ọjọ́ Friday, gbogbo èrò kó síbẹ̀. Ààbò wá jókòó ti èyí àtijọ́, ó ń ṣọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ́ inú kóòdù ló wà, ibi tí load balancer bá wà ni ààbò ẹ̀ máa wà, ẹni tó bá sì yọ ọ́ kúrò, orúkọ ẹ̀ á hàn nínú git.

Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn ò lọ ń wá ojú ẹ̀ káàkiri ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá pa á.

"Sáìtì wa kéré, ta ló máa kọlu wá?" Haa. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ló kọ Mirai, wọ́n sì jẹ́bi ẹ̀ ní kóòtù ní 2017. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí níbẹ̀rẹ̀? Server Minecraft. Géèmù! Kámẹ́rà àti rọ́tà tó wà nínú ilé àwọn ẹlẹ́ni ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n wá ju kóòdù ẹ̀ síta, àwọn ẹlòmíì gbé e, ní October 21, 2016, wọ́n fi kọlu Dyn, Twitter àti Netflix ò ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó fẹ́ bà yín jẹ́ kò nílò ìdí tó lọ́lá. Oníbàárà tó ń bínú tó, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń tajà kan náà tó.

Ní ti owó, mo wà lẹ́yìn yín, inú tiẹ̀ ń bí mi jù yín lọ. Shield Standard tí AWS ń fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ dára, ṣùgbọ́n ìkọlù tó ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wà fún. Èyí tó ń ṣe bí oníbàárà gidi, tó ń ní "ṣí ojú ìwé yìí, wá ọjà yẹn", ìpele keje nìyẹn. Kí AWS tó máa fi Shield dá a dúró fún yín fúnra ẹ̀, ó di Shield Advanced: $3,000 lóṣù, ẹ sì máa tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan. $36,000! Lọ́dọ̀ Google náà, ẹni tí kò bá sí lórí Cloud Armor Enterprise, ìkìlọ̀ ṣákálá ló máa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe èyí lórúkọ ẹ̀: wọ́n ń ta ilé fún wa, wọ́n ní ilẹ̀kùn ò sí nínú owó ẹ̀.

Síbẹ̀, ìyẹn ò ní kí ẹ sùn síta. AWS WAF ń gba $5 lóṣù fún web ACL kan, $1 fún òfin kọ̀ọ̀kan, àti sẹ́ǹtì 60 fún mílíọ̀nù ìbéèrè kan. Òfin kan tó ń ka iye ìgbà tí àdírẹ́sì kan ń kan ilẹ̀kùn, ẹ lè kọ ọ́ sínú Terraform lónìí kí ẹ tó jẹun alẹ́. Cloudflare náà ń dènà DDoS fún ẹni tó wà lórí ètò ọ̀fẹ́ wọn láti 2017, ó sì ṣeé kọ ní kóòdù. Àmọ́ tí àdírẹ́sì server yín gangan bá wà níta, ẹ̀yìn ni wọ́n máa gbà wọlé o. Ẹni tó bá sì ní autoscaling máa gbà á sílẹ̀, kó rántí pé server tuntun tó bá dìde nítorí ọ̀tá, òun ló máa sanwó ẹ̀, ní dọ́là.

Àtakò kan ṣoṣo tí mo gbà pé ó lọ́gbọ́n nínú ni pé ààbò yìí lè ti oníbàárà gidi síta. Òótọ́ ni, àwa tí a wà ní Nàìjíríà ló sì kàn jù. Iléeṣẹ́ fóònù wa máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ àdírẹ́sì IP kan. Tí ẹ bá lọ da òfin tí ará California kọ sí sáìtì ẹ̀ kọ, tó ní ìbéèrè 100 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó fún àdírẹ́sì kan, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ti ìdajì Ìbàdàn mọ́ta. Ìdí tí `COUNT` fi wà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa kà lásán, kó má dí ẹnikẹ́ni. Ẹ wo àwọn tí ì bá dí, ẹ tún iye náà ṣe, kí ẹ tó yí i sí `BLOCK`. Oníbàárà Google tí mo sọ lókè gan-an ò ti ilẹ̀kùn pa pátápátá, ńṣe ló dín bí wọ́n ṣe ń wọlé kù.

Ibi tó sì ti mú àwọn ọ̀gá onibọ́tìnnì nìyí: Shield Advanced nílò nǹkan bíi wákàtí 24 sí 30 ọjọ́ kó tó mọ bí èrò ṣe ń wọlé sọ́dọ̀ yín lásán. Tí ẹ bá tàn án ní òru tí wọ́n dé, kí ló fẹ́ fi mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí oníbàárà? Ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ọjọ́ tí owó oṣù wọlé, gbogbo ẹ̀ ló jọ ìkọlù lójú ẹ̀rọ tí kò tíì mọ̀ yín.

Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ wo òfin tó kọ, kó gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo wà ńbí. Ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ bá ṣì ń sọ pé kò pọn dandan, kó fi thread yìí ránṣẹ́ sí i. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ fi ránṣẹ́ o, mo ṣì ń wá iṣẹ́.