Pẹ́dà Wo Ni Yóò Jẹ́ Kí Gìtá Wa Sọ̀rọ̀?

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí ti bi wá léèrè ìdí tí a fi dìde ní ìpàdé tí ó kọjá láti tako àbá pé kí a má ṣe gba pẹ́dà gìtá láyè mọ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún wa. Wọ́n ní ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́, tí ó tún jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, tí irun rẹ̀ sì ti ń funfun, kò yẹ kí ó máa gbèjà ariwo. A kò gbèjà ariwo. Ohun tí a ń wí ni pé kí a mọ ohun tí a fẹ́ lé jáde kí a tó lé e.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ń fi gìtá ki oríkì ìdílé ìyá àgbà kan. Ọmọ náà mọ oríkì náà dáadáa. Àwa gan-an gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kò sì ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ àpótí kékeré tí ó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ohùn gìtá wú, ó kún inú gbọ̀ngàn, ìyá náà sì yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní, “Kí ni wọ́n ń sọ?” Ojú ọmọ náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí a ń kì kò mọ̀ pé òun ni a ń kì. Nílẹ̀ Yorùbá, kò sí àbùkù tí ó ju èyí lọ fún ẹni tí ó fi ohun èlò sọ̀rọ̀, nítorí náà a kò bá àwọn tí inú bí ní ọjọ́ náà jà. Ibi tí a ti yapa ni pé wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru àpótí náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àpótí yìí ń ṣe. Bí a bá ta okùn gìtá oníná, òòfà àti wáyà tí a wé sí abẹ́ okùn náà a máa sọ ìgbọ̀n rẹ̀ di iná mànàmáná kékeré tí ó ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi. Iṣẹ́ ampilifáyà ni láti sọ ìgbì kékeré yìí di ńlá. Bí ìgbì náà bá ga ju èyí tí ẹ̀rọ lè gbé lọ, orí rẹ̀ yóò gé, bí ìgbà tí a fi àdá gé orí òkìtì ilẹ̀. Gígé orí yìí ni ó ń bí àwọn ohùn ọmọ tí ó ga ju ìyá wọn lọ, tí etí wa fi ń gbọ́ ohùn náà bí ohùn tí ó há, tí ó sì nípọn. Pẹ́dà jẹ́ àpótí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ń gé orí ìgbì náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ampilifáyà.

Kì í ṣe ọgbọ́n ńlá kan ni ó bí i. Àṣìṣe ni. Ní Amẹ́ríkà, ampilifáyà tí ó ti bàjẹ́ ni ó wà nínú àwo “Rocket 88” tí ó jáde ní ọdún 1951. Ní ọdún 1961, àwo Marty Robbins tí ń jẹ́ “Don’t Worry” jáde pẹ̀lú ohùn kan tí ó ń hún bí oyin, èyí tí Grady Martin ta. Ẹ̀rọ inú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni ó ní àbùkù. Glenn Snoddy tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ kò sọ ọ́ nù. Ó wá ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú àbùkù bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ Gibson sì tà á ní ọdún 1962 ní orúkọ Maestro Fuzz-Tone. Àwọn tí ó rà á kò pọ̀ títí àwọn Rolling Stones fi lò ó nínú orin “Satisfaction” ní ọdún 1965. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks kò tilẹ̀ dúró de pẹ́dà: abẹ ìfárùngbọ̀n ni ó fi ya sípíkà rẹ̀ kí wọ́n tó gba “You Really Got Me” sílẹ̀ ní ọdún 1964.

Àwọn tí ó ń pe nǹkan yìí ní àṣà àná-àná láàárín wa náà ti gbàgbé ìgbà èwe tiwọn. Láti ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti fi iná sí gìtá jùjú. Ní ọdún 1973, ẹgbẹ́ BLO gbé “Chapter One” jáde ní Èkó, ní ọdún kan náà sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory’s, ẹgbẹ́ Ofege, gbé “Try and Love” jáde, ohùn híhá gìtá sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí kíákíá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Wọ́n ní ohùn híhá kì í ṣe ohùn Yorùbá, pé ohùn tí ó mọ́ gaara ni tiwa. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Kí ẹni tí ó sọ ọ́ bọ́ saworo kúrò lára ìyáàlù dùndún, kí ó lù ú, kí ó sì wá sọ fún wa bóyá ìlù kan náà ni. Kí ó já ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lára ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àti egúngún ńkọ́? Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé ará ọ̀run kì í fi ohùn gaara bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ há, ó sì wá láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ń bá sọ̀rọ̀ ń gbọ́ ọ. (A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé kí ni àlùfáà ń wá ní ìdí eégún. Etí wa ni ó gbọ́ ọ nígbà tí a wà ní kékeré, a kò sì lè sọ pé a kò gbọ́.) Àwọn baba wa fẹ́ràn ohùn híhá, wọ́n sì mọ ìwọ̀n rẹ̀: ohùn a há, ọ̀rọ̀ kì í sọnù.

A tilẹ̀ lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kì í dúró lójú kan. A máa yọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, onílù dùndún sì ń ṣe é nígbà tí ó bá fún ọsán ìlù rẹ̀ tí ó sì tún dẹ̀ ẹ́. Okùn gìtá tí kò ní pẹ́dà a máa dún, kí ó sì yára kú. Kí olórin tó fà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Pẹ́dà tí ó gé orí ìgbì náà níwọ̀nba a máa jẹ́ kí ohùn pẹ́, kí ó sì dọ́gba, nítorí pé ó bu orí èyí tí ó ga, ó sì gbé èyí tí ó rẹlẹ̀ sókè. Nítorí náà, ohun èlò tí a fẹ́ lé jáde yìí lè ran gìtá lọ́wọ́ láti sọ Yorùbá tí ó dán mọ́rán.

Kí ni ó wá ṣe ọmọ wa? Ohun méjì ni. Èkíní, okùn méjì àti mẹ́ta ni ó ń ta pọ̀. Bí okùn kan bá gbọ̀n nígbà 220 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èkejì sì gbọ̀n nígbà 277, pẹ́dà yóò bí ohùn mìíràn tí kò sí ẹni tí ó ta á: ọ̀kan ní 57, òmíràn ní 497. Ohùn 57 yìí kò bá èyíkéyìí nínú àwọn ohùn inú orin náà rẹ́, ó kàn ń kùn lábẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ta 220 pọ̀ mọ́ 330, ọmọ wọn yóò jẹ́ 110, tí ó jẹ́ ohùn kan náà pẹ̀lú 220 ní ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì fi ń ta irú ohùn méjì bẹ́ẹ̀ nìkan tí wọ́n bá tẹ pẹ́dà tí ó le. Ẹni tí ó fẹ́ fi pẹ́dà ki oríkì, okùn kan ṣoṣo ni kí ó máa ta lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù ti jẹ́ ẹnu kan.

Èkejì ni pé àpótí tí ó rà kì í ṣe èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè. A bi í ní ìdí tí ó fi rà á, ó ní Hendrix lo irú rẹ̀. A kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú fífẹ́ràn Hendrix. Ṣùgbọ́n Hendrix kò ki ará Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ du àyè lábẹ́ àtíbàbà. Irú èyí tí a ń pè ní fuzz ni ó ń gé orí ìgbì jù lọ. Fuzz Face tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1966 lo transistor oní-germanium ní ìbẹ̀rẹ̀, germanium kò sì fara da ooru: bí ọjọ́ bá mú, iṣẹ́ rẹ̀ a yí padà, ohùn tí ó dára ní òwúrọ̀ a sì di ìdàkudà ní ọ̀sán. Ẹni tí yóò ta gìtá níta nílẹ̀ wa, èyí tí ó jẹ́ ti silicon ni kí ó wá. Big Muff ti Electro-Harmonix ní New York, tí ó jáde ní ọdún 1969, a máa jẹ́ kí ohùn pẹ́ bí ti gòjé, ṣùgbọ́n ó ń dín àárín ohùn kù, àárín náà gan-an ni etí ti ń mú gìtá láàárín ìlù. Nínú yàrá, ó dùn. Lójú agbo, ó rì. DS-1 ti Boss àti Rat, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1978, wà ní agbedeméjì: wọ́n le, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí wọn sílẹ̀ dáadáa lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Irú Tube Screamer ti Ibanez, tí a ń pè ní overdrive, ni ó fẹ́lẹ́ jù nínú wọn. Kì í gé orí ìgbì ṣánṣán, ńṣe ni ó ń rọ̀ ọ́ roboto, ó sì ń gbé àárín ohùn sókè. Bí ó bá jẹ́ àwa ni a ó fi owó wa rà á fún oríkì, èyí ni a ó kọ́kọ́ dán wò, a ó sì yí ìwọ̀n híhá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí a tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná náà kò kéré. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àpótí wọ̀nyí ń lo folti 9, àárín ẹnu wáyà wọn sì ni òdì. Àwa fúnra wa ti fi ẹnu wáyà tí ó yàtọ̀ bọ ọ̀kan rí láìkàwé, èéfín ni a rí. Bátìrì dára nílé wa tí iná kì í dúró, ṣùgbọ́n kí ọmọ máa yọ wáyà gìtá kúrò lára pẹ́dà nígbà tí kò bá ta á, nítorí wáyà náà ni ó ń tan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá sùn sára rẹ̀, ilẹ̀ kì í mọ́ bá bátìrì.

Àbá wa nìyí, tí a ó gbé wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Kí a yá pẹ́dà mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ tí ó ní i. Kí àgbà onílù kan jókòó, kí ó kẹ̀yìn sí olórin. Kí ọmọ wa fi gìtá pa òwe mẹ́wàá tí a kò sọ fún àgbà náà tẹ́lẹ̀, lákọ̀ọ́kọ́ láìsí pẹ́dà, lẹ́yìn náà kí ó máa fi àwọn òwe mìíràn dán pẹ́dà kọ̀ọ̀kan wò, kí àgbà náà sì máa sọ ohun tí ó gbọ́. Èyí tí òwe bá ti sọnù sí, kí a dá a padà fún olówó rẹ̀. Èyí tí ó bá gba òwe náà là, kí ẹgbẹ́ fi owó àjọ ra irú rẹ̀ kan, kí ó wà nínú àpótí ohun èlò pẹ̀lú gángan àti agogo. Bí gbogbo wọn bá kùnà, àwa ni a ó kọ́kọ́ nawọ́ sókè fún àbá àwọn tí ó fẹ́ lé wọn.

A ti lọ kí ìyá àgbà náà nílé, a sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n kí a gbé àga òun sí ẹ̀gbẹ́ onílù, kí ó jìnnà sí sípíkà.