Káàdì Ọmọ Kì í Purọ́



Ìjọba tó wà lórí àga ń pariwo lójoojúmọ́ pé nǹkan ti dára fún mẹ̀kúnnù. A kò ní bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ ká lọ bi ẹlẹ́rìí kan tí kì í gba rìbá. Ẹlẹ́rìí náà ni káàdì ìwọ̀n ọmọ yín. Ṣé ìlà ọmọ yín ń gòkè nínú káàdì yẹn, àbí ó dúró sójú kan? Àbí ẹ ò tiẹ̀ rí káàdì gbà rárá?

Káàdì yìí kì í ṣe ohun àjèjì. Ilẹ̀ wa níbí ló ti jáde. Láàrin ọdún 1956 sí 1961, Dókítà David Morley tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á fi àmì sí káàdì, wọ́n á sì fa ìlà láti àmì oṣù tó kọjá dé ti oṣù yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìyá ọmọ ló sì ń mú káàdì lọ tọ́jú sílé. Ikú ọmọdé dín kù níbẹ̀. Káàdì náà tàn kárí ayé. Nígbà tí UNICEF kéde ohun mẹ́rin tí yóò gba ọmọdé lọ́wọ́ ikú ní ọdún 1982, wíwọn ọmọ wà nínú wọn. Ohun tí Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́ ayé, ṣé ó yẹ kó di ohun àwátì ní wọ́ọ̀dù tiwa?

Ẹ gbọ́ ìdí tí ìlà fi ṣe pàtàkì. Ká sọ pé ọmọ méjì pé ọdún kan lónìí, kílò mẹ́jọ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n. Ẹni tó bá rí wọn lónìí nìkan á ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo káàdì. Ọmọ àkọ́kọ́ wọn kílò méje ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti fi kílò kan kún un: ó ń dàgbà. Ọmọ kejì ti wọn kílò mẹ́jọ àbọ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń jò lọ ni. Ewu ti wọlé tọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ojú kò tíì rí i. Kí ẹsẹ̀ tó wú, kí irun tó pọ́n, ìlà ti sọ̀rọ̀ tipẹ́. Ìwọ̀n ọjọ́ kan kò lè sọ ìyẹn fún yín láéláé.

Ìgbà wo ni ewu yìí pọ̀ jù? Láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún méjì ni, nígbà tí ọmú nìkan kò tó mọ́, tí ògì lásán sì gba ipò oúnjẹ. Ògì ń yó ọmọ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin pẹ̀lú rẹ̀, kì í mú un dàgbà bó ti yẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá kì í lọ sí ibùdó ìlera mọ́, torí wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ ti parí.

Gíga ọmọ náà ń jẹ́rìí. Bí ebi bá mú ọmọ fúngbà díẹ̀, á rù. Bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀, kò ní ga bí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 37 ló kúrú ju bó ti yẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìran wọn ló kúrú. Láàrin ọdún 1997 sí 2003, wọ́n wọn àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa ní Bràsíílì, Gánà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ga. Oúnjẹ àti ìtọ́jú ló fa ìyàtọ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n á ní kò sówó. Owó jíìpù kan ṣoṣo á ra ìwọ̀n fún gbogbo wọ́ọ̀dù tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Téèpù tí a fi ń wọn apá ọmọ kò wọ́n rárá: bí apá ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá. Wọ́n tún á ní àìmọ̀kan àwọn ìyá ló fà á. Irọ́ ni! Ìyá tó ń ra ẹ̀wà ní ife kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó dára fún ọmọ rẹ̀, owó ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbé e.

Òótọ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ: ìwọ̀n kì í ṣe oúnjẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá rí i pé ìlà ń wálẹ̀, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tí ìyá sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, iṣẹ́ asán ni. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi ń béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́, káàdì ọ̀fẹ́, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìlera tí kò ní pẹ́, àti oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tí ìlà rẹ̀ bá dúró. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ìpèsè ìlera sí ara iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bá ìpínlẹ̀ ṣe. Kò sí ibi tí wọ́n lè sá sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó dìbò, ẹ gba ibùdó ìlera wọ́ọ̀dù yín lọ. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Ìwọ̀n dà? Káàdì dà? Bí ọmọ mi kò bá wúwo sí i, kí lẹ máa ṣe fún un? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ìbéèrè náà tọ kánsẹ́lọ̀ yín lọ níwájú gbogbo ènìyàn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí. Ẹ fi ìbò yín tún orí ọmọ náà ṣe.